Olóògbé Tó Jí Aago Gbé

Ojú tuntun ni Bàbá Aláago gbé dé láti ilé ìwòsàn, ohun tó sì kọ́kọ́ fi ojú tuntun náà kà ni ìròyìn ikú ara rẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni ọkùnrin náà fi wà nílùú àbúrò rẹ̀, níbi tí àwọn dókítà ti yọ nǹkan funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ. Ta ni ì bá sọ fún? Ẹni tó ti ń tún aago ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí kò ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún odindi ọjọ́ kan rí, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà tí á máa pariwo pé, "Ẹ̀yin ará àdúgbò, ojú ń dùn mí o"? Agídí ọkùnrin náà kò kéré. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ló padà dé. Ó kí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà. Obìnrin náà ju àwo búrẹ́dì sílẹ̀, ó sá wọlé, ó sì ti fèrèsé. Bàbá Aláago rò pé bóyá àwọn méjèèjì ti jà rí tí òun gbàgbé. Ó kọjá, ó kí Télọ̀, àgbàlagbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tirẹ̀. Télọ̀ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Aláago," ó ní, "kí lẹ gbàgbé?"

"Kí ni mo gbàgbé bí báwo?"

"Mo ní kí lẹ padà wá mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un kẹ́ ẹ máa lọ. Èmi ò ṣáà bá yín jà nígbà tẹ́ ẹ wà láyé."

Bàbá Aláago bú u dáadáa. Èébú yẹn ló fi Télọ̀ lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, torí ó dá ohùn náà mọ̀. Ó na ìka kan, ó fi tọ́ ọ lápá. Nígbà tó rí i pé ara gbígbóná ni, ó mí kanlẹ̀, ó sì na fóònù rẹ̀ sí i. "Ẹ wo búlọ́ọ̀gù Ìyá Akọ̀wé. Ẹ ti kú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ nípa yín dùn o! Mo sunkún."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí Bàbá Aláago ti ń wo ìwé bí ẹni ń wo inú èéfín. Lọ́jọ́ náà, gbogbo lẹ́tà dúró gbangba níwájú rẹ̀: "Ọkùnrin tó ń ṣọ́ àkókò fún àdúgbò wa ti lọ sinmi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo. Kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n aago tó bá tọwọ́ rẹ̀ jáde kì í parọ́."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn gún un níbì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ máa mọ ìdí rẹ̀. Ó dá fóònù padà, ó sì gba ilé Ìyá Akọ̀wé lọ tìbínú-tìbínú.

Kí n sọ ẹni tí Ìyá Akọ̀wé jẹ́ fún yín. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù. Gbogbo ohun tí adájọ́ bá sọ, tí olè bá sọ, tí ẹlẹ́rìí bá fi omijé sọ, òun ló ń kọ ọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní, "Ní kóòtù, ẹni tó bá jà nìkan ló ń ní fáìlì. Ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe jẹ́ẹ́jẹ́, tó sì kú, kò sí ìwé kankan tó mọ̀ pé ó wáyé." Ló bá ṣí búlọ́ọ̀gù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fáìlì fún àwọn oníjẹ́ẹ́jẹ́. Ta ló gbin igi tó wà ní kọ́nà? Níbo ni bọ́ọ̀sì ti ń dúró kí wọ́n tó gbé ibùdókọ̀ kúrò? Ilé ta ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ dé, àwọn wo ló sì ń yọjú lójú fèrèsé? Ìtàn kan ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ iléèwé ń dà á kọ, àwọn ọmọ wa tó wà lókèèrè ń kà á wọ́n ń sunkún, kánsù pàápàá, bí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí òpópónà wa parí sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó wá di pé ohun tí kò bá sí nínú búlọ́ọ̀gù Ìyá Akọ̀wé, kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá sì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Bàbá Aláago bá a nídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá iwájú, láàárín ìwé lọ́tùn-ún ìwé lósì.

"Ìyá Akọ̀wé, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí yín, Bàbá Aláago. Ẹ kú ewu. Ẹ jókòó."

"Ẹ rí mi, ẹ sì kọ ọ́ pé mo ti kú!"

"Mi ò rí yín nígbà tí mo kọ ọ́."

"Ó dáa. Ẹ ti wá rí mi báyìí. Ẹ pa á rẹ́."

Ìyá Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n dáná sun ilé kóòtù. "Kí n pa kí ni rẹ́? Wọn kì í pa àkọsílẹ̀ rẹ́, Bàbá. Àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń tún àkọsílẹ̀ ṣe." Ó nawọ́ sí bébà kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Òfin rẹ̀ wà níbẹ̀: kò sí ohun tó ń wọ búlọ́ọ̀gù láìsí ẹlẹ́rìí mẹ́ta, tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá ọgọ́ta ọdún, tí wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn, tí wọ́n sì buwọ́ lùwé. "Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló pa yín. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló máa jí yín."

"Èmi tí mo jókòó síbí ńkọ́? Mo ń jẹ́rìí pé mo wà láàyè!"

"Ẹ̀yin lẹ lẹ́jọ́. Ta ló máa ń sọ pé òun jẹ̀bi?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ̀ ń wò mí!"

"Akọ̀wé kì í jẹ́rìí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mi ò jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan." Ó bu tíì fún un, ó tún bi í bóyá ó fẹ́ ṣúgà. Olóògbé ní ṣúgà méjì tó òun.

Àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta wo ló wá pa á? Ìyá Akọ̀wé ṣí ìwé, ó ka ẹ̀rí wọn fún un. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ogún ọdún ni ọkùnrin náà ti ń ra búrẹ́dì kan náà lọ́wọ́ òun láràárọ̀, pé kò sí ohun tó lè dá a dúró bí kò ṣe ikú. Télọ̀ ní òun fojú òun rí ọkọ̀ tó ń gbé òkú, ó kọjá lópòópónà, nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù aago, ó rọra rìn. Ẹ̀yin ará, òkìtì tí kánsù mọ sójú títì níbẹ̀, ọkọ̀ wo ni kì í rọra rìn tó bá débẹ̀? Ẹnì kẹta ni Bàbá Onílé, àgbà ọgọ́rin ọdún tó ni ilé alájà tó wà ní òdìkejì. Ẹ̀rí tirẹ̀ kúrú: "Ó ti kú. Tí kì í bá ṣe ikú, kò sí ohun tó lè mú kó ṣe irú ohun tó ṣe fún mi."

Ọjọ́ Túsìdé, ó mú Télọ̀ àti Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ buwọ́ lùwé. Télọ̀ ò bá a jiyàn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kó kọ́kọ́ ra búrẹ́dì kan kó sì jẹ ẹ́ lójú òun, ó jẹ ẹ́, obìnrin náà buwọ́ lùwé. Ó ku Bàbá Onílé.

"Èmi kì í jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì," ni Bàbá Onílé wí.

"Bàbá, ẹ sáà ń wò mí."

"Mò ń wò ẹ́. Aago mi dà?"

Ẹ rí i, Bàbá Onílé gbé aago ògiri baba rẹ̀ fún un láti tún ṣe. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Tó bá béèrè, Bàbá Aláago á ní kó padà wá lọ́la. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ojú rẹ̀ ni kò ríran débi tí wàhálà aago náà wà, ó sì sàn fún un kí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ ju kí wọ́n pè é ní afọ́jú.

"Mo dúró, mo dúró," Bàbá Onílé ní, "mo wá gbà pé àfi kí ọkùnrin yìí ti kú. Ọjọ́ tí aago mi bá dún lára ògiri mi, ọjọ́ yẹn ni màá jẹ́rìí pé o wà láàyè. Ó dàbọ̀."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó sì ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe: ó ṣí fóònù, ó ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ikú rẹ̀. Wọ́n lé ní igba. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè! Àwọn tí kì í dáhùn tó bá kí wọn ní bàbá àwọn ni. Ọ̀kan tó pè é ní òǹrorò lójú rẹ̀ ní ọdún tó kọjá kọ ọ́ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Inú bí i, inú rẹ̀ sì tún dùn, ó wá fi ìka kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Èmi gan-an rè é. Mi ò kú o."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a lóhùn. "Ìwọ tó ń fi orúkọ òkú ṣeré, ojú ò tì ẹ́?" Òmíràn ní, "Bàbá yẹn ì bá wà láyé, ì bá fi òòlù là ẹ́ lórí." Ẹnì kan tún kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá wa sinmi." Ẹni tó kọ èyí gan-an wà lórí àga níwájú rẹ̀, ó ń dúró de aago ọwọ́ rẹ̀.

Ní Wẹ́sídé, ọkùnrin kan wá láti kánsù, ó ń fi téèpù wọn ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí Bàbá Aláago jọ̀wọ́ sún díẹ̀. Pátákó ìrántí ló fẹ́ kàn síbẹ̀ ní Fúráìdè. Wọ́n ti kọ ọ́ tán: "Níbí ni olóògbé Bàbá Aláago ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú."

"Èmi ni," Bàbá Aláago ní.

"Mo mọ̀ yín, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ tún aago ìgbéyàwó mi ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, inú ìwé ni wọ́n sì ti rí i." Ọkùnrin náà wò yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ dákun, èyí máa ń dúró lójijì. Ṣé ẹ lè bá mi wò ó kí Fúráìdè tó pé?"

Ẹ̀rín ò gbọdọ̀ pa yín kú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ò ní rẹ́rìn-ín.

Gbogbo Tọ́sìdé ni Bàbá Aláago fi dojú kọ aago Bàbá Onílé. Ó ṣí i, ó sì rí i! Eyín kan ló ti kán lára àgbá kékeré tó ń yí nísàlẹ̀ aago, ohun tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tó ti ń fi ọwọ́ táràrà wá láti ọdún méjì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún un ṣe. Nígbà tó di àárọ̀ Fúráìdè, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, ó gbé e kọjá sí òdìkejì. Bàbá Onílé ń hanrun lórí àga. Ìyàwó rẹ̀ fi ìka sẹ́nu: "Ẹ rọra kọ́ ọ síbẹ̀, ẹ má jí i. Tó bá dún, á jí." Ó rọra kan ìṣó tuntun, ó kọ́ aago sí i, ó yí ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lù, kí olóògbé sì jíǹde.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan kan ní kó tún wo ohun tí wọ́n ń kọ, kí gbogbo oríyìn yẹn tó dópin. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ náà. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ni Kékeré Aláago.

"Bàbá mi, ẹ ní kí ẹsẹ̀ mi má tẹ ẹnu ọ̀nà yín títí ẹ ó fi kú. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì báyìí, màá dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Mo kàn fẹ́ jókòó sórí àga mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bàbá Aláago dìde lórí àga.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Òun ló sọ ọ́ ní Kékeré Aláago, nígbà tó ti lè tú aago kó sì tò ó padà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún, ó jókòó sórí àga rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan sì dúró láti gba aago rẹ̀. Ọmọ náà gbé e, ó wò ó, ó ní, "Bàbá, aago yìí ń sáré." Lójú oníbàárà! Bàbá Aláago ní kò sáré. Ọmọ ní ó ń sáré. Ọ̀rọ̀ bá di ariwo, ariwo di ìbínú, ó wá sọ ohun tó sọ fún un. A máa ń fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí ni, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ló fi tì í síta. Láti ìgbà náà, ó ti tẹ nọ́ńbà ọmọ yẹn tó ìgbà ogún, kò tẹ̀ ẹ́ dópin rí. Ìgbéraga ń jẹ ẹ́ níka.

Ọmọ náà sì ti wà nínú bọ́ọ̀sì báyìí, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí aago Bàbá Onílé bá lù, àgbà náà á jí, á lọ jẹ́rìí, Ìyá Akọ̀wé á kọ ọ́ pé Bàbá Aláago wà láàyè. Ọmọ á kà á lójú ọ̀nà. Á ní bàbá òun ò tíì kú, òfin ṣì dúró, á sì sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, ẹ wá sọ fún mi: ẹni tó ti ń jà láti Mọ́ńdè pé òun ò kú, tó wá ń sáré lọ́jọ́ Fúráìdè kí wọ́n má baà gbọ́ pé òun wà láàyè, irú èèyàn wo nìyẹn? Bàbá ọmọ ni.

Ó fò kọjá títì. Bàbá Onílé ṣì ń hanrun, ìyàwó rẹ̀ ti wọ ẹ̀yìn lọ. Ó já aago náà kúrò lára ìṣó, ó gbé e sábẹ́ apá, ó jáde. Ó dé àárín títì gan-an ni aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Gbọ̀nnn! Ó fi fìlà bò ó. Gbọ̀nnn! Ó bọ́ ẹ̀wù bò ó. Kí ló kàn án? Aago tó ti dákẹ́ láti ọdún méjì, ṣé ẹ̀wù ló máa pa á lẹ́nu mọ́? Télọ̀ jáde síta, ó ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé: "Mẹ́jọ! Mẹ́sàn-án! Mẹ́wàá! Ó pé o, Bàbá Aláago!"

Lókè, Bàbá Onílé la ojú. Ohun tó rí lára ògiri ni ìṣó tuntun.

Nígbà tó fi máa tó aago mọ́kànlá, wọ́n ti kún ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Onílé wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Ìyá Akọ̀wé wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ ló ti máa ń gba ẹ̀rí. Ìyá Oníbúrẹ́dì àti Télọ̀ wá nítorí ọ̀rọ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin kánsù wà lórí àkàbà níta, pátákó ìrántí wà lábẹ́ apá rẹ̀. Bàbá Aláago fi ẹsẹ̀ ti aago náà sábẹ́ tábìlì.

"Ọkùnrin yìí wọ ilé mi, ó jí aago mi gbé!" Bàbá Onílé ní.

Ìyá Akọ̀wé fi itọ́ sí ìka, ó ṣí ojú ìwé tuntun. "Ta ni ọkùnrin yìí?"

"Aláago."

"Aláago tó kú?"

"Kú kẹ̀? Òkú wo ló ń jalè? Ó wà láàyè dáadáa, olè ni!"

"Ẹ buwọ́ lù ú níbí." Àgbà náà buwọ́ lù ú tagbára-tagbára. Ìyá Akọ̀wé pa ìwé dé. "Ẹlẹ́rìí mẹ́ta pé. Bàbá Aláago, ẹ kú oríire." Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àtúnṣe náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka kan.

Bàbá Aláago dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkùnrin tí kì í tẹrí ba fún afẹ́fẹ́! "Ìyá Akọ̀wé, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kú di aago mọ́kànlá."

"Kí lẹ wí?"

"Ọmọ mi ń bọ̀. Torí pé mo ti kú ló ṣe ń bọ̀. Èmi ni mo ní kó má padà wá títí màá fi kú." Orí ilẹ̀ ló wà tó ń sọ̀rọ̀, ó ń bá bàtà wọn sọ ọ́. "Ó ní aago kan ń sáré. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tó lọ tán, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń sáré. Ojú mi ti ń lọ nígbà yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi mọ̀ pé ọmọ mi ò jẹ̀bi, mi ò sì sọ fún un."

Ìka Ìyá Akọ̀wé dúró sókè. "Bàbá Aláago," ó ní jẹ́jẹ́, "mi ò lè mọ̀ pé ẹ wà láàyè kí n fi yín sílẹ̀ bí òkú."

"Ẹ ẹ̀ ní purọ́. Ẹ kàn rọra tẹ̀ ẹ́ ni."

"Bàbá."

Gbogbo wọn yíjú. Obìnrin kan dúró níta ẹnu ọ̀nà, báàgì ń bẹ léjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà lókè, ó ku díẹ̀ kó tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e padà síta.

"Ẹ ò kú," ó ní.

"Mi ò kú."

"Mo sunkún láti ibi tí mo ti wọkọ̀ títí débí! Gbogbo bọ́ọ̀sì ló bá mi sunkún! Dírẹ́bà ò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi!" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ sì wà láàyè. Mi ò lè wọlé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yín ni, Bàbá, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

Ẹyin lohùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Bó bá balẹ̀, ta ló ń ṣa á? Bàbá Aláago dìde, ó gbọn eruku lórúnkún. Ọ̀rọ̀ tó ń wá yẹn, kò lò ó rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti kú," ó ní. "Wọlé, ọmọ mi. Má bínú sí mi."

Ìyá Akọ̀wé ti ṣí ìwé padà, ó sì ti mú bírò. "Ìgbà wo ló kú?"

"Báyìí."

"Aago mélòó?"

Gbogbo wọn gbójú sókè. Ogójì aago ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, gbogbo wọn ló sì ti dúró láti ọ̀sẹ̀ méje, kálukú pẹ̀lú àkókò tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wò ni aago abẹ́ tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ó sì lù títí ó fi pé mọ́kànlá.

"Mọ́kànlá ni," Télọ̀ ní.

"Mo gbọ́ ọ," Ìyá Oníbúrẹ́dì ní.

"Aago mi nìyẹn!" Bàbá Onílé kígbe. "Mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀! Ohùn baba mi nìyẹn!"

"Ẹlẹ́rìí mẹ́ta," Ìyá Akọ̀wé ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ náà tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé aago náà jáde lábẹ́ tábìlì, ó jókòó sórí àga rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó sí láti ọdún mọ́kànlá. Ó fetí sí aago náà, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo bàbá rẹ̀. Bàbá Onílé tó ni aago dúró lórí wọn.

"Bàbá," ó ní, "aago yìí fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré."

Bàbá Aláago gba aago náà, ó gbé e súnmọ́ ojú tuntun rẹ̀, ó fi wé ti fóònù ọmọ rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó ní, lójú oníbàárà. "Ó ń sáré. Bá mi tún un ṣe."

Ọkùnrin kánsù yọrí wọlé láti orí àkàbà, ó béèrè bóyá kí òun kàn án tàbí kí òun má kàn án. Ọmọ náà na ọwọ́, ó gba pátákó náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn irin kéékèèké inú aago sórí rẹ̀. Ìyá Akọ̀wé fa ìlà sórí mọ́kànlá tó kọ, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.